Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Bí Àmì Ìdánudúró Ṣe Dé Inú Ìwé, Tí Ó sì Bá Kọ̀ǹpútà Délé

Ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní àdúgbò Mọ́kọ́lá tí mo gbé iṣẹ́ lọ, ni mo ti bá bàbá arúgbó kan pàdé, ẹni tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ àti apá púpọ̀ nínú ìgbà àgbà rẹ̀ to lẹ́tà irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sí igun yàrá kan náà, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń kọ kóòdù, èyíinì ni àṣẹ tí a ń kọ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀rọ láti mú ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yarí, ó ní àṣìṣe wà ní ìlà 42. Ọmọ náà ka ìlà 42 síwá, ó kà á sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí ó ṣe tí ó gbójú sókè sí ìlà 41, tí ó rí i pé òun gbàgbé láti fi semikólọ́ọ̀nù (;) kan ṣoṣo parí rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ka ìlà méjèèjì pọ̀ bí ọ̀kan, kí ó tó wá kọsẹ̀ nísàlẹ̀.

“Ṣé nítorí àmì tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ yìí ni ẹ̀rọ yín ṣe fi ọ́ ṣòfò láti àárọ̀?” ni bàbá wí.

“Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá,” ni ọmọ náà fèsì. “Kò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ohun tí mo kọ nìkan ló mọ̀.”

“Àlejò ni nígbà náà. Gbogbo àmì tí mo tò láyé mi, àlejò ni mo tò wọ́n fún. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í wá kọ́mà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ sílé, nígbà tí mo sì tú ìtàn àwọn àmì wọ̀nyí palẹ̀, mo rí i pé ojú abẹ níkòó ni bàbá sọ, nítorí pé ibi gbogbo tí àmì ìdánudúró ti ṣẹ̀, àlejò kan ni a máa ń bá níbẹ̀, tí ó la ojú sílẹ̀ tí kò sì fi ríran.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ará Gíríìsì àti àwọn ará Róòmù kì í sábà fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì rẹ̀ nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wàhálà ara wọn lórí ibi tí gbólóhùn parí sí. Lẹ́tà ni yóò máa tọ lẹ́tà lẹ́yìn títí ìlà yóò fi tán. Bí a bá kọ èdè tiwa lọ́nà bẹ́ẹ̀, bí yóò ti rí nìyí: EJEKIAWOBIOTIRINIGBATIAKOEDETIWABAYII. Ẹni tí a bí sínú èdè náà kò kà á sí ìyà púpọ̀, nítorí pé kíkà sókè ni wọ́n sábà máa ń kàwé nígbà náà, etí a sì máa bá ojú wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alẹkisáńdà Ńlá ti ṣẹ́gun ilẹ̀ káàkiri, tí èdè Gíríìkì sì di ohun tí àwọn ará Íjíbítì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kò mu ún mọ́ ọmú ìyá wọn ń forí ṣe fọrùn ṣe láti kọ́, ìdààmú dé.

Ní Alẹkisáńdíríà, níbi tí ilé-ìkàwé tí ó lókìkí jù lọ láyé ìgbà náà wà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Aristophanes, ọmọ ìlú Bísáńtíọ̀mù, ni ó jẹ́ olórí ilé-ìkàwé ọ̀hún ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Aristophanes tí ó kọ eré apanilẹ́rìn-ín ni mò ń wí, ìyẹn ti kú tipẹ́ kí a tó bí èyí.) Òun ni ó gbé àmì roboto mẹ́ta kalẹ̀, ọ̀kan ní òkè ìlà, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí yóò ti dánu dúró díẹ̀, ibi tí yóò ti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ti òkè. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ tún fi yé wa pé òun kan náà ni ó dá àwọn àmì tí ń fi ìró ohùn hàn lórí fáwẹ̀lì sílẹ̀, nítorí pé Gíríìkì ayé ìgbà náà a máa gbé ohùn sókè, a sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ti Yorùbá. Àwọn ìlà wẹ́rẹ́ méjì tí à ń fà sórí á àti à títí di òní, tí àwọn tíṣà fi ẹgba kọ́ wa ní dò-rè-mí wọn, àtọmọdọ́mọ àwọn àmì ará Gíríìkì wọ̀nyẹn ni wọ́n.

Àwọn tí ó wá fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, àlejò ni àwọn náà: àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Áyálándì ni, ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje àti ìkẹjọ, tí wọ́n ń da Bíbélì kọ ní èdè Látìn, èdè tí kò sí ìyá kankan tí ó fi rẹ ọmọ lẹ́kún ní gbogbo erékùṣù wọn. Semikólọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, ọmọ Fẹ́nísì ni, ní ilẹ̀ Ítálì. Aldus Manutius, ọ̀gá nínú àwọn atẹ̀wé, ni ó kọ́kọ́ lò ó nínú ìwé kékeré kan tí Pietro Bembo kọ nípa òkè oníná tí ń jẹ́ Etna, ní 1496. Láti ibẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbé àwọn àmì náà kárí Yúróòpù, àwọn ajíhìnrere gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí yóò sì fi di 1859 tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù ti di onílé lábẹ́ Olúmọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn ti gbóná ni ibi tí àwọn àmì wọ̀nyí ti bá àlejò tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni pàdé. Ní 1957, John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM, ní Amẹ́ríkà, gbé èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ FORTRAN jáde, kí àwọn onímọ̀ ìṣirò má baà máa fi kóòdù líle bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun kan wà nínú èdè yìí tí ì bá pa àwọn mọ́ńkì Áyálándì lẹ́kún: FORTRAN kò ka àlàfo sí. Bí o fi àlàfo sí i, bí o kò fi sí i, bákan náà ni lójú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ayé ti ṣe láti ìgbà Gíríìkì, ó fọ́ ọ dànù, ó padà sí EJEKIAWO.

Láti inú èyí ni ìtàn kan ti jáde tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kí wọ́n má sọ, tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 1962, àwọn ará Amẹ́ríkà yin Mariner 1 láti Cape Canaveral ní Florida, pé kí ó lọ wo àgùàlà, pílánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Kò pẹ́ tí ó gbéra tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tí ó ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú àáyá 293, ọ̀gá tí a fi ṣọ́ ààbò pàṣẹ kí a fọ́ ọ lójú ọ̀run, kí ó má baà já lu ọkọ̀ ojú omi tàbí ìlú ẹlòmíràn. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sí i pẹ́ ni, agbára àtifọ́ ọ kò ní í sí mọ́. Owó tí ó bá a lọ lé ní mílíọ̀nù 18 dọ́là. Kí ni ó fà á? Àmì kan ni, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n àmì wo?

Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà sọ pé háífùn ni, ìlà kúkúrú tí ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, pé ẹnìkan ni ó gbàgbé rẹ̀. Èyí ni Arthur C. Clarke, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ tí ó fi pa á láwàdà nínú ìwé rẹ̀ pé kò tíì sí háífùn tí ó wọ́n tó èyí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ẹgbẹ́ kejì dìde, wọ́n ní irọ́ ni, kọ́mà ni. Wọ́n ní nínú FORTRAN, bí o bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ kan ní ìgbà mẹ́wàá, o lè kọ ọ́ báyìí: DO 10 I = 1,10. Ẹnìkan wá kọ DO 10 I = 1.10, ó fi fúlísítọ́ọ̀pù sí ipò kọ́mà. Níwọ̀n bí FORTRAN kò ti ka àlàfo sí, kò ké, kò pariwo, kò bèèrè pé kí ni èyí. Ó so DO àti 10 àti I pọ̀, ó sọ wọ́n di orúkọ nǹkan tuntun, DO10I, ó fún nǹkan náà ní iye 1.10, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣe é. Ìtàn yìí dùn ju ti háífùn lọ, nítorí náà ni ó ṣe tàn ju ti háífùn lọ, tí ó sì wọ inú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àṣìṣe kọ́mà yìí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní NASA kan náà, ṣùgbọ́n inú ètò mìíràn ni ó ti ṣẹlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú Mercury. Wọ́n rí i, kò sì ba ọkọ̀ kankan jẹ́. Ohun tí ó pa Mariner 1 kì í ṣe kọ́mà, kì í ṣe háífùn gan-an. Ìlà kan ni, tí ó yẹ kí a fà sórí lẹ́tà kan nínú ìṣirò tí a fi ọwọ́ kọ, tí ẹni tí ó dà á kọ fò. Ìlà orí lẹ́tà yẹn ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe gba ìwọ̀n eré ọkọ̀ bí ó bá ti ń wọlé ní wúruwùru, kí ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ kan tí a fi ń mọ ìwọ̀n eré ọkọ̀ tún daṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tí ìwọ̀n eré kò sì wọlé geerege mọ́, kọ̀ǹpútà gba gbogbo wúruwùru náà gbọ́, ó ń tọ́ ọkọ̀ tí kò ṣìnà sọ́nà, títí ó fi ṣì í lọ́nà. Ìlà orí lẹ́tà! Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì ohùn kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ gbọ́ o. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Wọ́n fi àmì náà sí ipò rẹ̀, wọ́n yin Mariner 2 ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó sì kọjá lẹ́bàá àgùàlà ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá.

Ọ̀rọ̀ wá kan ogun semikólọ́ọ̀nù báyìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n péjọ sí Paris ní 1960 tí wọ́n dá èdè ALGOL 60 sílẹ̀ fi semikólọ́ọ̀nù ṣe ohun tí ń ya àṣẹ kan kúrò lára òmíràn; Niklaus Wirth, ará Switzerland, tẹ̀lé wọn nínú èdè Pascal ní 1970. Dennis Ritchie, tí ó ṣe èdè C ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún díẹ̀ sí i, kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ní semikólọ́ọ̀nù ni kí ó máa parí àṣẹ, bí àṣẹ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí kò bọ̀. Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè wí pé kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gannon àti Horning fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dán an wò, tí wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975, wọ́n rí i pé àwọn tí ń fi semikólọ́ọ̀nù ya àṣẹ ń ṣàṣìṣe púpọ̀ ju àwọn tí ń fi í parí àṣẹ lọ. Ó yé mi. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ní òpin kò ní láti yọjú wo èyí tí ń bọ̀ kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe.

Síbẹ̀, C tí mo gbè lẹ́yìn yìí náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ní oṣù Kejì 2014, ilé-iṣẹ́ Apple sáré tún ètò kan ṣe lórí àwọn iPhone, nítorí ìlà méjì tí ó jọra wọn bí ìbejì:

if (...)
    goto fail;
    goto fail;

Ìlà kìíní ń sọ pé bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀; ìlà kejì ní kí ẹ̀rọ fò lọ sí ibi tí a ti ń ka iṣẹ́ náà sí èyí tí ó kùnà; ẹnìkan sì tún ìlà kejì kọ lẹ́ẹ̀mejì. Lójú ènìyàn, méjèèjì sún wọlé dọ́gba, nítorí náà abẹ́ “bí” ni àwọn méjèèjì wà. Ẹ̀rọ kò ka sísún wọlé sí. Nínú C, bí a kò bá fi àmì àkámọ́ yí àṣẹ púpọ̀ ká, ẹyọ àṣẹ kan ṣoṣo ni “bí” ń jọba lé lórí. Nítorí náà èkejì kò ní “bí” kankan, ìgbà gbogbo ni ẹ̀rọ ń mú un ṣẹ, tí ó sì ń fo ibi tí ó ti yẹ kí ó yẹ ìfọwọ́sí ẹni tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ wò. Àkámọ́ méjì péré ni ì bá gba fóònù wọ̀nyẹn sílẹ̀. Guido van Rossum, ará Netherlands, ti rí irú èyí ṣáájú: nínú èdè Python tí ó gbé jáde ní 1991, bí ìlà ti sún wọlé lójú ènìyàn náà ni ó sún wọlé lójú ẹ̀rọ. Ó tún fi kólọ́ọ̀nù sí òpin ìlà “bí”, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rọ kò lè ṣe é láìsí i, bí kò ṣe pé àwọn tí ó ṣe èdè ABC, tí òun náà bá wọn ṣiṣẹ́, ti rí i pé ó ń mú kí ojú ènìyàn ríran kedere. Ìyẹn ni mo pè ní làákàyè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀rọ nìkan ni ó ń ṣe báyìí. Adájọ́ pẹ̀lú, ohun tí a kọ ni ó ń kà. Ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, àwọn awakọ̀ tí ń gbé wàrà kiri pe ọ̀gá wọn lẹ́jọ́ lórí owó àṣekún iṣẹ́, nítorí pé òfin to àwọn iṣẹ́ tí kì í gba owó náà lẹ́sẹẹsẹ, kò sì fi kọ́mà sí iwájú “tàbí” tí ó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ dájú bóyá pípín ọjà kiri jẹ́ iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀, tàbí dídì í fún pípín nìkan ni òfin ń wí. Ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn àwọn awakọ̀ ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà sì fi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là parí ìjà ní ọdún kejì.

Ní ilé tiwa ńkọ́? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú lọ tí Ọlọ́run sì gbà sílẹ̀ ní Sàró, gbọ́ Yorùbá láti inú oyún. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi èdè náà sínú ìwé, kò nílò àmì kankan fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tí yóò wàásù nínú èdè náà ni a ń kọ ọ́ fún, ìwé Lepsius, ará Jámánì, tí ó jáde ní 1855, sì kópa nínú bí a ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Àpérò kan jókòó lé e lórí ní Èkó ní 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí ní 1974. Láàárín àkókò yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé àtòjọ ASCII kalẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní 1963: ipò 128 péré ni ó ní, gbogbo rẹ̀ sì ti kún kí ẹnikẹ́ni tó rántí ẹ. Lónìí, ẹ, ọ àti ṣ ti ní ipò tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní ipò kan fúnra rẹ̀. Ẹ ni a óò kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì ohùn dé e lórí.

Bóyá wàhálà yìí ni ó mú kí àwọn ènìyàn wa jọ̀wọ́ àmì sílẹ̀, bóyá ọ̀lẹ sì ni. Èmi rò pé ọ̀lẹ pọ̀ níbẹ̀. Mo ń rí pátákó ìpolówó, mo ń rí àkọlé eré sinimá, mo ń rí ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tí a fi owó gọbọi tẹ̀, EJEKIAWO ni gbogbo wọn. A ní kò burú, a gbọ́ ara wa. Àwa gbọ́ ara wa. Ọmọ tí a bí sí London tàbí Houston tí ó ń ka ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, kò gbọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn ìyá náà. Fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ní kíbọọdù Yorùbá nínú. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń yan èdè kíbọọdù, ẹ yan Yorùbá, bí kò bá sì yé yín, ẹ fi lé ọmọ ilé lọ́wọ́ kí ó bá yín ṣe é, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.